Odì Tí Kò Ní Ẹlẹ́rìí

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo èèyàn báyìí, láti ibùdókọ̀ Ìkàrẹ́ títí dé orí òkè Ọ̀kà. Ẹ ó gbọ́ tí ọmọge kan ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé, "Mo ti búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jàre." Ẹ ó gbọ́ tí oníṣòwò ń kùn pé, "Ẹni tó jẹ mí lówó ti búlọ́ọ̀kù mi." Bí ẹni tó ti pẹ́ nílùú òkèèrè bá gbọ́ ọ, yóò rò pé ilé ni gbogbo wa ń kọ́, pé sìmẹ́ǹtì àti yanrìn la fẹ́ pò. Kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣì í gbọ́, nítorí ògiri ni ọ̀rọ̀ náà, àfi pé ẹni tó mọ ògiri yìí nìkan ló ń rí i. Ẹni tí wọ́n mọ ọ́n dí lójú yóò máa rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀, yóò máa kí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní mọ̀ pé ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, iṣẹ́ aríwísí ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Àwọn kan ń ṣe àríwísí ìwé, àwọn kan ń ṣe àríwísí eré orí ìtàgé. Ní tèmi, ìlẹ̀kùn ni mo fẹ́ wí sí: ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣe sára WhatsApp àti Facebook, tí ẹnikẹ́ni lè tì mọ́ ẹlòmíràn lójú láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ọwọ́ èèyàn bá ṣe, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ní ìwà tí ẹni tó ṣe é fi sí i lára. Ó sì yẹ ká wò ó bóyá ìwà náà bá tiwa mu.

Kí n kọ́kọ́ yìn ín níbi tó yẹ, nítorí aríwísí tí kì í rí dáadáa, eébú ló ń bú. Ìlẹ̀kùn yìí wúlò. Obìnrin tí ọkùnrin kan kò jẹ́ kó sinmi tọ̀sán-tòru, kó tì í. Oníjìbìtì tó ń pe ìyá arúgbó, tó ń pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báǹkì, tó ń bèèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀, kí ìyá tì í, kó tì í pa. Ẹni tó ń fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, ìtìpa gan-an kéré sí i, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Nílé baba wa náà, a ní ìlẹ̀kùn, a sì ní ọ̀pá tí a fi ń há a lálẹ́. N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó tìlẹ̀kùn mọ́ olè. Ohun tí mo bá wí ni kí a mú ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣe nítorí olè, kí a fi tì mọ́ ọ̀rẹ́, mọ́ ará, mọ́ ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ tí a jọ jẹun.

Ẹ jẹ́ ká yẹ iṣẹ́ ọwọ́ náà wò. Lórí WhatsApp, bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, máàkì kan ló kọ́kọ́ ń hàn, pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Bó bá dé orí fóònù onítọ̀hún, máàkì á di méjì. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2014 ni méjèèjì sì ti ń di búlúù bí ó bá kà á, àfi bí ó bá pa á tì pé òun kò fẹ́ kó hàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yín mọ́ta, máàkì kan ṣoṣo ni ẹ ó máa rí títí. Ẹ kò ní rí ìgbà tó wọlé gbẹ̀yìn. Fọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síbẹ̀ kò ní hàn sí yín. Ẹ pè é, kò ní wọlé. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún yín pé wọ́n ti tì yín. Iléeṣẹ́ náà kò tilẹ̀ fi èyí bò. Nínú àlàyé tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lò ó, wọ́n ní ṣe ni àwọn mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àmì náà rújú, kí àṣírí ẹni tó tìlẹ̀kùn má baà tú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, wọ́n tún kéde àfikún kan: ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ lè yọ́ jáde, kó jẹ́ pé àwọn alákòóso ẹgbẹ́ náà nìkan ni yóò mọ̀.

Ẹ wá gbé iṣẹ́ ọwọ́ yìí wá sí Àkókó. Máàkì kan lè túmọ̀ sí pé iná ò sí ní Ọ̀kà, fóònù ti kú. Ó lè túmọ̀ sí pé dátà ti tán. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà wà lóko, lẹ́yìn òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti jí fóònù náà lọ́jà. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti bínú sí yín débi pé kò fẹ́ gbọ́ ohùn yín mọ́ láéláé. Àmì kan náà ló dúró fún gbogbo wọn! Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ta ló lè mọ èyí tó jẹ́ ìbínú yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ bátìrì? Èèyàn lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko máa bẹ Ọlọ́run pé kó bá òun ṣọ́ ọ̀rẹ́ òun tí òun kò gbúròó rẹ̀, kó tó wá mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wà ńlé, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwa náà ń bínú o. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ sọ pé àwọn baba wa kì í já ara wọn sílẹ̀. A máa ń yodì. Ṣùgbọ́n odì ní òfin tirẹ̀, bí a ò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìyàwó ilé méjì bá ń bá ara wọn yodì, kì í tó ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo agbo ilé fi ń mọ̀. Wọ́n á rí i pé ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀ láàárọ̀ ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Wọ́n á rí i pé iyọ̀ tí wọ́n máa ń bu lọ́wọ́ ara wọn, ilé kejì ni wọ́n ń rán ọmọ lọ bu ú báyìí. Ìyá àgbà á wá pe ọ̀kan sí kọ̀rọ̀: "Kí ló dé tí o kì í kí ìyálé rẹ mọ́?" Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó ń yodì, ó fẹ́ kí wọ́n bi òun. Ariwo ni odì, dídákẹ́ ni èèyàn fi ń pa á. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Odì sì ni ọ̀nà tí a fi ń jà tí a ṣì fi jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan.

Ní Àkókó wa yìí pàápàá, tí èèyàn kì í rìn jìnnà kí èdè tó yí padà, tí Àrìgìdì ní tiwọn, tí Ọ̀kà ní tiwọn, ọjà ló kọ́ wa pé ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa náà, a máa kí i. Nítorí náà, bí ẹni tí a gbọ́ èdè rẹ̀ bá kọ̀ tí kò kí wa, gbogbo ọjà ló máa rí i.

Ẹ má gbàgbé àrokò. Charles Andrew Gollmer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó bá ẹgbẹ́ CMS ṣiṣẹ́, tí òun àti Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845, kọ ohun tó mọ̀ nípa àrokò Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Ó sọ nípa owó ẹyọ méjì. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀ ní ojú sí ojú, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lókèèrè, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni wá, ọmú kan náà la jọ mu. Bí wọ́n bá sì so ó ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èmi àti ìwọ ti pínyà.

Ẹ bá mi wo èyí dáadáa. Ìbínú yẹn kò kéré. Ó tó ohun tí èèyàn fi ń já ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bínú náà wá owó ẹyọ, ó wá okùn, ó jókòó, ó so ó, ó sì wá ẹni tí yóò gbé e lọ. Kí ó tó parí, ìbínú ti ní àyè láti rọlẹ̀ díẹ̀. Bí àrokò náà bá dé, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mọ ohun tí wọ́n wí fún òun. Ẹni tó gbé e wá ní ojú, ó ní ẹnu, a sì lè bi í pé, "Kí ni mo ṣe?" Ìpínyà náà ní ọ̀rọ̀, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ọ̀nà tí èsì lè gbà padà. Àwọn tí a ń sọ pé wọn kò mọ̀wé, ìwé ìyapa tiwọn ṣeé kà ju máàkì kan lọ.

Kí n fi ti ara mi ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹ má baà sọ pé ohun tí n kò mọ̀ ni mò ń sọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fi jọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Ọmọ Ọ̀kà ni, ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí. Èmi ń kọ, òun ń yẹ ohun tí a kọ wò kó tó lọ sídìí ẹ̀rọ. Bí Kérésì bá dé, ọkọ̀ kan náà la jọ ń wọ̀ bọ̀ wálé, bí n kò bá sì tíì dé Ọ̀kà lọ jẹ iyán ìyá rẹ̀, Kérésì mi ò tíì pé. Ìyá náà kì í pè mí lórúkọ, "ọmọ Ìkàrẹ́" ló ń pè mí. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí, oníkálukú wá ibòmíràn lọ, a sì ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù: àwàdà láàárọ̀, "o kú iṣẹ́" lálẹ́.

Ó di ọjọ́ kan, mo rí máàkì kan. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo pè é, kò wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹlòmíràn tí a jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà fi fọ́tò tuntun tí ọ̀rẹ́ mi gbé sí ojú WhatsApp rẹ̀ hàn mí. Lórí fóònù tèmi, òjìji olórí lásán ló wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo ka gbogbo ohun tí a ti bá ara wa sọ láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. N kò rí èyí tí mo lè nàka sí. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn ni. Ẹjọ́ tèmi, wọn kò tilẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n jókòó. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n wọ́n ti fá tèmi, n kò rí abẹ, n kò rí ẹni tó dì í mú.

Lẹ́yìn bí ọdún kan ó lé, ìyá rẹ̀ kú. Kì í ṣe òun ló sọ fún mi, awakọ̀ kan tó ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ bá mi dá a: ṣé ìlẹ̀kùn orí fóònù lè dí ọ̀nà Ọ̀kà? Iyán tí mo jẹ lọ́wọ́ ìyá yẹn, orí fóònù kọ́ ni mo ti jẹ ẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ní Ìkàrẹ́, a gba Àkùngbá kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a sì gòkè lọ sí Ọ̀kà.

Ọ̀rẹ́ mi rí mi, ló bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi mọ́ra lójú gbogbo èèyàn. "O ṣeun o. O kú ìrìn." Òun fúnra rẹ̀ ló wá mi àga, ó ní kí wọ́n gbóúnjẹ fún mi. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún rí wa, inú bàbá dùn. Ó ní, "Ọmọ Ìkàrẹ́, ṣé ẹ̀yin méjèèjì ṣì jọ wà bẹ́ẹ̀?" Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi. Ó wo ilẹ̀. Mo ní, "A dúpẹ́, bàbá."

Kí ni ǹ bá wí? Bàbá tó ti parí ìjà ilẹ̀, ìjà ogún àti ìjà orogún, ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ kí n ní, "Bàbá, máàkì kan ni mò ń rí"? Ká ní ọ̀rẹ́ mi yodì sí mi lọ́jọ́ yẹn, ká ní ó rí mi tó gbójú kúrò, bàbá ì bá ti rí i. Ì bá ti pe àwa méjèèjì sẹ́yìn ilé, kí oòrùn sì tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti lójú. Ọ̀yàyà ni ọ̀rẹ́ mi ṣe sí mi, ọ̀yàyà náà ló sì ti ilé ẹjọ́ bàbá pa. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́ sí i. Máàkì kan.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, làwọn àgbà wí. Àléébù tó tóbi jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí nìyẹn: ó ti sọ ojú di méjì. Ojú kan wà tí a fi ń pàdé níbi òkú àti ìkómọ, ojú kejì wà nínú àpò, a kò sì mọ èyí tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́. Àgbà wà lọ́jà lóòótọ́, orí ọmọ tuntun ló wọ́ sínú fóònù níbi tí ojú àgbà kò dé.

Kì í ṣe Àkókó nìkan o. Láti 2009 ni ìwé atúmọ̀ èdè New Oxford American Dictionary ti mú "unfriend", èyí tó túmọ̀ sí pé kí a yọ èèyàn kúrò lọ́rẹ̀ẹ́ lórí ẹ̀rọ, pé òun ni ọ̀rọ̀ ọdún náà. Olùwádìí kan ní Yunifásítì Colorado Denver ní Amẹ́ríkà, Christopher Sibona, bi èèyàn 1,077 léèrè nípa rẹ̀, ìwádìí náà sì jáde ní 2014. Ó rí i pé àwọn tí a jọ lọ sílé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń yọ jù, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ẹ̀sìn tí wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́, ohun tó ṣe lójú ayé ni wọ́n sábà máa ń tìtorí rẹ̀ yọ ọ́, kì í ṣe ohun tó kọ. Ẹ rí i? Ibi iṣẹ́ ni egbò wà, orí fóònù ni wọ́n ń di ọgbẹ́ náà sí. Nínú ìwádìí mìíràn tó ṣe ní 2013, ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bi léèrè ní àwọn yóò máa yẹra fún ẹni tó bá yọ àwọn bẹ́ẹ̀, bí àwọn bá tilẹ̀ pàdé rẹ̀ lóde. Ìyẹn ni pé ògiri orí ẹ̀rọ a máa jáde wá sí ìta.

Ní ilẹ̀ Australia, ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ dé iwájú adájọ́. Ní 2015, Fair Work Commission, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ibi iṣẹ́ níbẹ̀, gbọ́ ẹ̀sùn obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àwọn tó ń ta ilé ní Tasmania. Lára ohun tí wọ́n ṣe sí i ni pé ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yọ ọ́ kúrò lórí Facebook lẹ́yìn tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ líle. Ìgbìmọ̀ náà kà á mọ́ àwọn ìwà mìíràn tí wọ́n jọ pè ní ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́. Òyìnbó tó ń pè é ní nǹkan kékeré náà ti rí i pé ó lè di ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti àwọn tó kọ́ ilé náà gan-an. Brian Acton àti Jan Koum, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ ní Yahoo, ló dá WhatsApp sílẹ̀ ní 2009. Ní 2014, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù 19 dọ́là. Ní 2017 Acton kúrò níbẹ̀. Ó di oṣù kẹta ọdún 2018, ó kọ ọ́ síta lórí Twitter pé àkókò ti tó kí àwọn èèyàn pa Facebook rẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó yá, ó ṣe àlàyé ìdí tó fi bínú kúrò fún ìwé ìròyìn Forbes. Ẹ gbọ́ ná! Ọkùnrin tó bá wa ṣe ilé tí a ti ń yọ́ tìlẹ̀kùn mọ́ra wa, nígbà tí ó kan òun láti fi àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kò yọ́ jáde. Ó sọ̀rọ̀, ayé gbọ́.

Ìjọba àpapọ̀ wa pàápàá, nígbà tó bínú sí Twitter, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2021 ló kéde rẹ̀, ó wí ìdí tirẹ̀, a bú u, a bá a jà. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022, ó ṣí i padà. N kò yìn ín pé ó ti Twitter. Mo kàn ń sọ pé odì ìjọba ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó parí, àwọn onílàjà sì rí ohun tí wọ́n lè là.

Àwọn kan wà tó ń wàásù lórí fóònù lójoojúmọ́ pé, "Bí ẹnikẹ́ni bá ń da ọkàn rẹ láàmú, gé e kúrò, má ṣàlàyé fún un, àlàáfíà rẹ ló ṣe pàtàkì." Mo gbọ́. Àlàáfíà dára. Ṣùgbọ́n ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n sì ń gbé. Bí eyín bá ń gé ahọ́n kúrò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá jà, ta ni yóò sọ̀rọ̀ fún wa? Ìwàásù yẹn gbàgbé pé àlàáfíà ẹni tó tìlẹ̀kùn, ẹlòmíràn ló ń san owó rẹ̀ níta. Ẹni tó ní ìdí tó dára pàápàá, tí wọ́n ṣẹ̀ lóòótọ́, ó ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò: ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kò mọ̀, kò lè tọrọ àforíjì, yóò sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹni tí wọ́n tì mọ́ta náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ bí ó bá ṣìwà hù. Kì í ṣe kó yá fóònù ìyàwó rẹ̀ láti fi bú èèyàn. Kì í ṣe kó lọ tò ó sínú ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn ún, ẹsẹ̀ ṣì wà, ọkọ̀ ṣì ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, àgbà tó lè rán níṣẹ́ kò tíì tán.

Ìdájọ́ mi rèé. Fún olè, fún oníjìbìtì, fún ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ni, iṣẹ́ ọwọ́ tó pé ni ìlẹ̀kùn yìí. Fún ọ̀rẹ́ àti ẹlẹgbẹ́ ẹni, iṣẹ́ ọwọ́ tó kù díẹ̀ káàtó ni, ohun tó sì kù kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ohun tí o ṣe lọ́jọ́ báyìí dùn mí, n kò fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́." Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ tó tìlẹ̀kùn. Bí ẹ bá lè dárúkọ àgbà kan tó mọ̀ yín méjèèjì kún un, ẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lè ṣí i. Kò ná yín ní dátà tó pọ̀.

Inú bíbí kò sí lábẹ́ òfin mi, ìpínyà kò sì sí níbẹ̀. Àwọn tó so owó ẹyọ méjì ní ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn náà mọ̀ pé ó máa ń di dandan nígbà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ̀yìn sí wa, kó kẹ̀yìn sí wa. Kó ṣáà jẹ́ kí a rí ẹ̀yìn rẹ̀.